Ìlà Mẹ́rìnlá Tí Ghizlane Pa Rẹ́

Nínú ilé Lalla Zhor ní ìlú Meknès, oúnjẹ kì í dé ẹnu kí orúkọ má ti ṣáájú rẹ̀. Bí ó bá gbé ọbẹ̀ harira síwájú rẹ, kí o tó mú ṣíbí, wàá kọ́kọ́ gbọ́ pé ọ̀dọ̀ Yamna ìyá rẹ̀ ni ó ti kọ́ ọ, pé Yamna gbà á lọ́wọ́ ìyá ọkọ rẹ̀ tó ń jẹ́ Tamou, àti pé Tamou ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i kí wọ́n tó sọ ọ́ kalẹ̀. Bí ó bá ṣàdúrà fún ọ, yóò sọ ẹni tó kọ́ ọ ní àdúrà náà. Bí o bá sọ ìròyìn fún un, ìbéèrè kan ṣoṣo ló ní: "Ọ̀dọ̀ ta lo ti gbọ́ ọ?" Èmi a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní bí olè bá wọlé tọ̀ ọ́, á kọ́kọ́ bi í léèrè orúkọ ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó ní, "Rkia, ohun tí a kò bá mọ ibi tó ti wá, a ò lè mọ ibi tó ń lọ."

Ghizlane ni ọmọ kan ṣoṣo tó bí. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni ọmọ náà nígbà tí bàbá rẹ̀, tó ń rán bàtà aláwọ nítòsí ẹnu ibodè Bab Berdaïne, fi ayé sílẹ̀. Bọ́tìnnì òwú tí wọ́n ń rán mọ́ àyà djellaba, aṣọ gígùn tiwa, ni Lalla Zhor fi abẹ́rẹ́ ṣe, ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹgbẹẹgbẹ̀rún, títí ọmọ fi jáde ìwé. Bọ́tìnnì ló kọ́kọ́ mú ojú rẹ̀, àtọ̀gbẹ wá kó ìyókù. Nígbà tí mo máa fi mọ̀ ọ́n, òjìji nìkan ló kù tó ń rí, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ kì í bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló ń gún ara rẹ̀ ní insulini.

Ọdún mẹ́sàn-án ni èmi àti Ghizlane fi jókòó ẹ̀gbẹ́ ara wa ní ilé iṣẹ́ Si Bouchta, yàrá mẹ́ta lókè ilé onígíláàsì kan ní àdúgbò Hamria. Òun ló ń kọ kóòdù kọ̀ǹpútà, èmi ló ń yẹ̀ ẹ́ wò. Iṣẹ́ mi ni kí n máa wá àléébù, Ọlọ́run sì fún mi ní ẹnu tó bá iṣẹ́ náà mu. Ọmọbìnrin tín-ń-rín ni, kì í pariwo, èso òdòdó oòrùn ló máa ń pa jẹ bó bá ń ronú. Bí mo bá gbọ́ tí eyín rẹ̀ ń dún kẹ́kẹ́, mo mọ̀ pé ìṣòro ti dé. Mo fẹ́ràn rẹ̀ bí ọmọ. Mo ń sọ ọ́ níbẹ̀rẹ̀ yìí kí ẹnikẹ́ni má rò pé mo fẹ́ fi í ṣẹ̀sín.

Àwọn tó ń kọ kóòdù kì í dá gbogbo rẹ̀ kọ. Ẹni kan á kọ apá kan, á gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì pé kí ẹni tó bá wúlò fún mú un, ohun tí ó sì máa ń béèrè kò ju kí a fi orúkọ òun sílẹ̀ lórí iṣẹ́ náà. Ọmọdé iṣẹ́ yìí pàápàá mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Si Bouchta ní òfin tirẹ̀. Nígbà kan rí, oníbàárà kan ṣí iṣẹ́ wa, ó rí orúkọ ọkùnrin ará Sfax, ìlú òkèèrè kan, lórí rẹ̀, ó wá béèrè pé kí ló dé tí òun ò lọ bá ará Sfax náà tààrà. Láti ọjọ́ yẹn, ọ̀gá wa kì í fẹ́ rí orúkọ àlejò nínú iṣẹ́ kankan tó bá ń jáde. Ó máa ń ní kí a gbálẹ̀ kí àlejò tó wọlé. Gbígbá ilẹ̀ ni orúkọ tó fún un.

Ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn ni àwọn ilé ìwòsàn kéékèèké kan para pọ̀, tí wọ́n ní kí a ṣe áàpù fún àwọn alátọ̀gbẹ tí kò mọ̀wé kà. Nọ́ọ̀sì á kọ àkókò abẹ́rẹ́ aláìsàn kọ̀ọ̀kan sínú kọ̀ǹpútà, fóònù aláìsàn á sì fọhùn bó bá ti tó. Ghizlane fi gbogbo ọkàn ṣe é. Ohùn ara rẹ̀ ló fi sí i, ohùn ọmọ tó ń pe ìyá rẹ̀: "Ẹ̀yin òbí mi, àkókò abẹ́rẹ́ ti tó o." Ohun tó wá fẹ́ dí i lọ́wọ́ ni aago. Ẹ mọ bí tiwa ṣe rí: bí ààwẹ̀ bá kù sí dẹ̀dẹ̀, ìjọba á dá aago padà sẹ́yìn ní wákàtí kan; bí a bá ti túnu tán, wọn á tún tì í síwájú. Kọ̀ǹpútà tó ń rán ohùn náà wà ní òkè òkun, kò sì mọ̀ pé à ń gbààwẹ̀. Bí ẹnì kan kò bá sọ fún un, wákàtí kan ni yóò fi yá ju aago tiwa lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù títí dé òpin rẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi gbọ́ kẹ́kẹ́ eyín rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹrin ó dákẹ́, ó pè mí wá wò. Ó ti rí kóòdù kan tó pé pérépéré, tí wọ́n to gbogbo ọjọ́ tí aago máa yí padà sínú rẹ̀. Lórí rẹ̀ gan-an ni ìlà mẹ́rìnlá wà. Mo fi ojú ara mi kà á, mo sì lè kà á fún yín láìwo ìwé lónìí: "Èmi Miloud Hachimi, olùkọ́ ìṣirò ní Oujda, ni mo kọ èyí. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ lò ó, ẹ tún un ṣe, ẹ tà á pàápàá. Ohun kan ṣoṣo ni mo bẹ̀bẹ̀ fún: ẹ jẹ́ kí ìlà mẹ́rìnlá yìí wà lórí rẹ̀ níbikíbi tí ẹ bá gbé e dé. Ààwẹ̀ ọdún márùn-ún péré ló wà nínú rẹ̀. Kí ó tó tán, màá to tuntun." Nọ́ńbà fóònù rẹ̀ ló tẹ̀lé e.

Ní ọ̀sán ọjọ́ tí a máa fi iṣẹ́ ránṣẹ́, Si Bouchta dúró sẹ́yìn wa pẹ̀lú ife tíì lọ́wọ́, ó béèrè bóyá a ti gbálẹ̀. Ghizlane yọ ìlà mẹ́rìnlá náà kúrò. Ó ṣe é wéré, bí ẹni gbọn èérún búrẹ́dì kúrò lára aṣọ tábìlì, ó sì tẹ orúkọ tirẹ̀ sí ibẹ̀. Nígbà tí ọ̀gá kúrò, mo bi í pé ti olùkọ́ Oujda ńkọ́. Ó ní òun máa ṣe ojú ewé ọpẹ́ kan tó bá yá, òun á to orúkọ gbogbo àwọn tó ràn wá lọ́wọ́ síbẹ̀. Ojú rẹ̀ kò wò mí nígbà tó ń sọ ọ́. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, ṣùgbọ́n èmi àgbà wà níbẹ̀, mo wò ó, mo padà sídìí iṣẹ́ mi. Ojú ewé ọpẹ́ náà kò dé títí di òní.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ó gbé fóònù lọ fún ìyá rẹ̀, mo bá a lọ. Nígbà tí ohùn náà jáde, Lalla Zhor bú sẹ́kún. Ó na ọwọ́ títí ó fi bá ojú ọmọ rẹ̀, ó wá béèrè ohun tí ó máa ń béèrè.

"Iṣẹ́ ọwọ́ ta ni?"

"Tèmi ni, Màmá."

"Ìwọ nìkan? Kò sẹ́ni tó kọ́ ẹ, kò sẹ́ni tó bá ẹ gbé e?"

"Èmi nìkan."

Ìyá náà yọ ọwọ́ kúrò lójú ọmọ rẹ̀. Ó ní òun kò tíì gbọ́ iṣẹ́ tó ti ọ̀dọ̀ ẹnì kan ṣoṣo wá rí, àfi ti Ọlọ́run. Lẹ́yìn náà ó rẹ́rìn-ín, ó sì gbé ọbẹ̀ wá. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Mo gbé abọ́ mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láìtọ́ ọ wò.

Ààwẹ̀ ọdún kìíní dé, ohùn ń dún déédéé. Ìkejì dé. Gbogbo ènìyàn ń yìn wá, ilé ìwòsàn mìíràn sì ń bọ̀ wá bá wa. Dókítà bẹ Lalla Zhor pé kó má gbààwẹ̀ mọ́, ó kọ̀ jálẹ̀, ó ní Yamna gbà á títí dé ọjọ́ ikú rẹ̀. Níkẹyìn wọ́n gbà fún ara wọn pé kí ó máa gún abẹ́rẹ́ ìrọ̀lẹ́ ní aago mẹ́fà, nígbà tí Màgàríbì bá ku ogún ìṣẹ́jú péré, kí oúnjẹ lè bá a lójú ọ̀nà, nítorí bí oúnjẹ bá pẹ́, abẹ́rẹ́ náà á fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ gbẹ. Ìkẹta kọjá, ìkẹrin kọjá, ìkarùn-ún náà kọjá. Bí a ti ń ṣínu lọ́dọọdún, tí a ń jẹ dàbínù, tí a ń kí ara wa, ọdún kan ń kúrò nínú ọdún márùn-ún olùkọ́ Oujda, kò sì sí ìlà kankan tó kù tó lè rán wa létí. Ghizlane ti gbàgbé. Mo mọ̀ pé ó gbàgbé, nítorí èmi náà gbàgbé. Ogún ọdún ń bọ̀ wá dọ̀la, ká má tíì sọ ti márùn-ún.

Ọjọ́ kìíní ààwẹ̀ tó kọjá yìí, ọ́fíìsì pa ní aago mẹ́ta. Èmi àti Ghizlane lọ tò sórí ìlà níwájú ilé tí wọ́n ti ń din chebakia, àkàrà olóyin tí a fi ń ṣínu, àwa àti bí ọgọ́rùn-ún ènìyàn tí ebi ń pa, tí olúkúlùkù ń kanra mọ́ ẹnì kejì. Bàbá arúgbó kan wà níwájú wa, ó gbé àpò ọ̀rá dání. Mo ń bá ẹnì kan jà pé ó gba iwájú mi nígbà tí àpò bàbá náà fọhùn. Ohùn Ghizlane ni. "Ẹ̀yin òbí mi, àkókò abẹ́rẹ́ ti tó o."

Ghizlane kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín músẹ́, bí ẹni tí wọ́n yìn lójú ọjà. Lẹ́yìn náà ó wo aago. Aago márùn-ún ni. Ó bi bàbá náà pé aago mélòó ni nọ́ọ̀sì sọ fún un. Bàbá ní aago mẹ́fà, ṣùgbọ́n ọmọ inú fóònù yìí kì í purọ́. Ó ti ń wá abẹ́rẹ́ rẹ̀ nínú àpò. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Nígbà tí mo yíjú, Ghizlane ti gbé fóònù sétí, ó ń pe ìyá rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó gbé e. Ní wákàtí tó ṣáájú Màgàríbì, bí Lalla Zhor bá ti mú tẹ̀sùbáà, kì í gbé ìpè ẹnikẹ́ni. Ohùn abẹ́rẹ́ nìkan ló ń dá lóhùn.

"Àǹtí Rkia," ó ní, "ẹ bá mi lọ bá Màmá. Ẹ fún un ní ṣúgà. Àwọn aláìsàn tó kù lé ní ọ̀ọ́dúnrún, ọ́fíìsì nìkan ni mo ti lè pè wọ́n."

Ó sáré gba ọ̀nà tirẹ̀. Èmi tí orúnkún ń dùn, mo sáré gba tèmi. Kò sí takisí tó fẹ́ dúró, olúkúlùkù ń lọ sídìí ọbẹ̀ rẹ̀. Ẹsẹ̀ ni mo fi sọ̀ kalẹ̀ sí àfonífojì, tí mo fi gòkè sí ìlú àtijọ́ tí ilé wọn wà, tí mo sì ń ka ìṣẹ́jú. Aago mẹ́fà ku ogún ìṣẹ́jú ni mo wọlé tọ Lalla Zhor. Ó jókòó sórí ẹní rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ nà gbọọrọ, òógùn ti bo iwájú orí rẹ̀. Mo da ṣúgà sínú omi, mo gbé e dé ẹnu rẹ̀. Mo ní aago ti ṣì í, pé wákàtí kan ni abẹ́rẹ́ fi yá, kó tètè mu ún.

"Ládàánì ti pè?"

"Kò tíì pè, Lalla Zhor. Ẹ mu ún."

"Gbé e kúrò lẹ́nu mi. Ó ku díẹ̀. Ọmọ mi ló pè mí pé àkókò ti tó, kì í ṣì í."

"Ọlọ́run yọ̀ǹda fún aláìsàn pé kó ṣínu."

Ó yí ojú rẹ̀ sí mi, ojú tí kò ríran. "Ọ̀dọ̀ ta lo ti gbọ́ ọ?"

Mo ń wá orúkọ kan. Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, lẹ́nu àáfà, lẹ́nu dókítà, lórí rédíò, ṣùgbọ́n nínú ìbẹ̀rù yẹn, orúkọ ẹyọ kan kò wá sí mi lẹ́nu. Mo ní gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n.

"Gbogbo ayé kì í ṣe orúkọ ènìyàn," ó ní, ó sì pa eyín dé.

Mo bẹ̀ ẹ́, mo pariwo mọ́ ọn, mo bú u. Ohùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́, ó ń pè mí ní Yamna, ó ń ka bọ́tìnnì. Lẹ́yìn náà ó rọra tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Mo fi oyin ra eyín rẹ̀ àti ìdí ètè rẹ̀, ó ń ṣàn jáde. Ibẹ̀ ni mo wà, orí rẹ̀ lórí itan mi, nígbà tí fóònù abẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀ fọhùn, tí mo gbọ́ Ghizlane tó ń mí hẹlẹhẹlẹ: "Ẹ̀yin òbí mi, ọmọ yín ni. Àṣìṣe ni. Ẹ má gún un. Ẹni tó bá ti gún un, kó jẹun lójú ẹsẹ̀, kó má dúró de Màgàríbì." Ohùn tó lè gbà gbọ́ nìyẹn. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló fi pẹ́.

Ládàánì pè. Gbogbo ìlú dákẹ́ lọ sídìí oúnjẹ, bí ó ti máa ń dákẹ́, ọkọ̀ aláìsàn sì pẹ́ ní ìdajì wákàtí kó tó dé. Ẹni méjì mìíràn ni wọ́n gbé dé ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà, wọ́n sì lọ sílé ní ọjọ́ kejì. Lalla Zhor lo ọjọ́ mọ́kànlá kó tó lajú. Dókítà ní ọpọlọ rẹ̀ ti pẹ́ jù láìsí ṣúgà. Bí a bá sọ òkò sí ọjà, ará ilé ẹni ní í bá.

Ní ọjọ́ kẹta, Ghizlane ṣí kóòdù náà níwájú mi, ó sì rí ibi tí àtòjọ ọjọ́ ti parí. Kò pa èso òdòdó oòrùn kankan. Ó lọ síbi tó ti mú un lọ́jọ́ kìíní: àtòjọ tuntun wà níbẹ̀, ó ti pé oṣù méjì tí wọ́n gbé e síbẹ̀. Ìlà mẹ́rìnlá wà lórí rẹ̀, nọ́ńbà wà nínú rẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́, ó sì jẹ́ kí èmi náà máa gbọ́. Ohùn ọkùnrin àgbà ni, ó ń rọra sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ti fi ọjọ́ pípẹ́ kọ́ni. Ghizlane sọ gbogbo rẹ̀ fún un, kò fi nǹkan kan pamọ́, kò sì di ẹ̀bi ru Si Bouchta. Ọkùnrin náà kò bínú. Ì bá sàn kó bínú.

"Ọmọ mi," ó ní, "lóṣù Rajab, nígbà tí ààwẹ̀ ku oṣù méjì, ni mo jókòó, tí mo wá orúkọ ara mi kiri orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ibi tí mo bá ti rí ìlà mẹ́rìnlá yẹn, màá kọ̀wé sí ẹni tó ni ibẹ̀ pé àtòjọ ti fẹ́ tán. Ènìyàn mọ́kànlélógójì ni mo rí. Gbogbo wọn ló dá mi lóhùn. Torí ẹ̀ ni mo ṣe ní kí ẹ fi sílẹ̀, kì í ṣe torí ìyìn." Ó wá fi kún un, "Mi ò rí ẹ."

Si Bouchta pè wá sí yàrá rẹ̀, ó ní kí ọ̀rọ̀ náà má jáde síta. Mo sọ ohun tó wà nínú mi fún un, mo kó ẹrù mi, mi ò sì padà síbẹ̀ mọ́. Ghizlane dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì sí i. Ó gbé ìlà mẹ́rìnlá padà sórí iṣẹ́ Miloud, ó wá ọgbọ̀n iṣẹ́ mìíràn tí a ti gbálẹ̀ láti ọdún wọ̀nyí wá, ó dá orúkọ olúkúlùkù padà sí ipò rẹ̀, ó sì kọ̀wé sí oníbàárà kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà òun náà kúrò.

Ilé ló wà báyìí, ó ń tọ́jú ìyá rẹ̀. Lalla Zhor ń jẹun, ó ń rìn bí a bá di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó sì ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́, ṣùgbọ́n àwọn orúkọ ti kúrò lórí rẹ̀. Kò mọ Yamna mọ́. Bí Ghizlane bá wọlé, ó máa ń kí i bí a ti ń kí ọmọ aládùúgbò tó níwà.

Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá. Ghizlane se harira, ó fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i kó tó sọ ọ́ kalẹ̀. Ìyá rẹ̀ tọ́ ọ wò, ó tún tọ́ ọ wò, ó wá gbójú sókè.

"Ọbẹ̀ yìí dáa. Ọ̀dọ̀ ta lo ti gbà á?"

Ghizlane kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú. "Ọ̀dọ̀ Lalla Zhor ni," ó ní, "ọmọ Yamna, tó ń ṣe bọ́tìnnì ní Bab Berdaïne."

Ìyá náà rò ó títí. Ó mi orí.

"Mi ò mọ̀ ọ́n," ó ní. "Bó o bá rí i, bá mi kí i."